Átọ́ọ̀mù gáàsì fúlẹ́fúlẹ́, báwo ló ṣe ń ṣí níkẹ́ẹ̀lì nípò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí, ọdún kẹta ni mo wà. Olùkọ́ wa sọ ní kíláàsì pé bí gáàsì bá lẹ̀ mọ́ ojú níkẹ́ẹ̀lì tàbí irin, àwọn átọ́ọ̀mù tó wà lókè pátápátá máa ń ṣí kúrò ní ipò wọn, òòfà ibẹ̀ náà a sì yí padà. Kò yé mi. Irin le, gáàsì fúyẹ́. Báwo ni fúlẹ́fúlẹ́ ṣe ń ti líle? Ẹ̀ẹ̀kejì, bàbá mi ń tún rédíò ṣe. Òòfà sípíkà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn tí wọ́n ti yọ kí wọ́n tó bí mi, ó ṣì ń fa ìṣó dòní. Láti ọjọ́ náà ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Kí ló dé tí gáàsì kò tíì bà á jẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú ìbéèrè. Ti bàbá rẹ ló dùn mọ́ mi jù, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. A ó padà sí ṣọ́ọ̀bù wọn bí ọ̀rọ̀ átọ́ọ̀mù bá ti yé wa.

Ibi tí nǹkan ti dojú rú fún ọ ni "ti" tó o lò yẹn. Ò ń wo gáàsì bí ìjì tó ń ti ògiri. Gáàsì kò ti ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe ni pé ó bá átọ́ọ̀mù irin dì mọ́ra, irin tó bá sì ti di àlejò mú kò ní lè di ará ilé mú le bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ tó dẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ipò yí padà.

Ká ka aládùúgbò. Nínú ikùn níkẹ́ẹ̀lì, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò 12 tó fara kàn án. Gé kírísítálì náà (irin tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ tò létòlétò) kí ojú tó jáde jẹ́ èyí tí átọ́ọ̀mù tò sí ní igun mẹ́rin mẹ́rin bíi táìlì (ojú 100 là ń pè é), átọ́ọ̀mù tó bọ́ sókè níbẹ̀ yóò ku aládùúgbò 8. Ti irin tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: 8 ló ní nínú, 4 péré ló kù fún un ní ojú 100. Àwọn ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù tí ìbá fi di àwọn tó ti lọ mú wà níbẹ̀, wọn kò níṣẹ́. Nígbà tí kò sí gáàsì nítòsí, ìpele òkè a máa fà mọ́ ìpele tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń fi àwọn tó kù dí àyè àwọn tó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni irin tó mọ́ tónítóní ṣe ń rì wọlé díẹ̀ lójú rẹ̀.

Wàyí o, ọ́síjìn dé. Méjì méjì ni átọ́ọ̀mù ọ́síjìn ń rìn nínú afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá balẹ̀ sórí irin, wọ́n á pínyà, oníkálukú á wá kòtò kan tó wà láàárín átọ́ọ̀mù irin mẹ́rin, á jókòó síbẹ̀. Àwọn irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ tí wọ́n fi di ìpele kejì mú á dẹ̀, ìpele òkè tó ti rì á wá gbéra sókè. Ní 1977, Legg, Jona, Jepsen àti Marcus wọn èyí lórí ojú 100 irin tí ọ́síjìn ti kún kòtò rẹ̀ tán, kòtò kan, átọ́ọ̀mù kan. Wọ́n rí i pé àlàfo tó wà láàárín ìpele kìíní àti ìkejì fẹ̀ ju ti inú irin lọ ní ìdá 7.5 nínú 100. Ìṣirò tí àwọn mìíràn ṣe lẹ́yìn ìgbà náà tilẹ̀ gbé e sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Kí nọ́ńbà lè yé wa, píkómítà ni n ó máa lò. Pín mìlímítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìdá kan níbẹ̀ ni píkómítà. Láàárín ìpele méjì lórí ojú irin yẹn, píkómítà 143 ló wà. Ìdá 7.5 rẹ̀ kò ju píkómítà 11 lọ. Má fojú kéré e. Lórí òpó afárá, ìdá 7 nínú 100 á ti wó afárá náà.

Mo gbọ́ tí o ń bi mí pé: báwo ni wọ́n ṣe ń wọn irú nǹkan báyìí? Ìtàn rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì ni gáàsì àti níkẹ́ẹ̀lì ti kọ́kọ́ bára wọn jà ní gbangba. Ní 1925, Davisson àti Germer ń ta ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù lu níkẹ́ẹ̀lì nínú ìgò tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, ní New York, ní ilé ìwádìí tí a ń pè ní Bell Labs. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìgò afẹ́fẹ́ olómi kan bú gbàù, èyí tí níkẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀ fọ́, afẹ́fẹ́ sì rọ́ wọ orí níkẹ́ẹ̀lì tó gbóná. Ó dípẹtà pátá. Wọ́n fi ooru tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ìpẹtà náà lè kúrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. Ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù kò tàn ká bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Apá ibì kan ló ń gbà lọ jù. Ooru yẹn ti so àwọn kírísítálì kéékèèké inú níkẹ́ẹ̀lì náà pọ̀ di ńláńlá díẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fi hàn ní 1927 pé ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ń rìn bí ìgbì, Davisson sì pín ẹ̀bùn Nobel ní 1937. Ohun tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kì í sọ ni pé nínú iṣẹ́ 1927 yẹn, wọ́n tún rí àwọn ìtànṣán kan tí níkẹ́ẹ̀lì nìkan kò lè ṣàlàyé. Wọ́n ní gáàsì tó tò sórí ojú rẹ̀ ló fà á. Wọ́n sì tọ̀nà. Bó o bá béèrè lọ́wọ́ mi, ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀ka ìmọ̀ tí ò ń béèrè yìí bẹ̀rẹ̀.

Irinṣẹ́ tó jáde látinú iṣẹ́ wọn ni a ń pè ní LEED. Ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n ń tà sí ojú irin. Kò lè wọlé ju ìpele mélòó kan lọ kó tó ta padà, nítorí náà ojú nìkan ló ń ròyìn. Àwọn àmì iná wẹ́wẹ́ tó ń yọ lára gíláàsì á sọ bí átọ́ọ̀mù ṣe tò. Bí ìmọ́lẹ̀ àmì kọ̀ọ̀kan ṣe ń lọ sókè-sódò bá a ti ń yí agbára ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù, ìyẹn á sọ bí ìpele ṣe jìnnà síra tó. Lẹ́yìn 1981, tí Binnig àti Rohrer ṣe ẹ̀rọ STM tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣonṣo "tọ́" ojú irin wò ní átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, a tún wá ń rí ojú náà bí àwòrán.

Ṣùgbọ́n kí o tó rí ojú irin tó mọ́, wàhálà ńlá ni. Bí o bá fi ojú irin tuntun sínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí, nǹkan bíi nánósẹ́kọ́ńdì kan (ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá) ti tó kí gáàsì tó ń kàn án lè bo gbogbo rẹ̀. Ìdí rèé tí a fi ń fa afẹ́fẹ́ inú àgbá wa jáde títí yóò fi ku ìdá kan nínú tírílíọ̀nù mẹ́wàá ohun tó wà níta. Pẹ̀lú ìyẹn náà, bí gbogbo ohun tó kàn án bá ń lẹ̀, bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lo ní. Níkẹ́ẹ̀lì tún ní ìwà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́: mo ti lé gáàsì ìta tán, ni mo bá gbé e sórí iná kó lè mọ́ sí i, àfi bí kábọ́ọ̀nù àti súfúrù ṣe ń jáde bọ̀ láti ikùn níkẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, tí wọ́n tò sójú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọ síbẹ̀. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Kábọ́ọ̀nù yẹn ló kàn. Bí ènìyàn bá máa kọ́ àpẹẹrẹ kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun ni kó kọ́.

O mọ bí àwọn ìyá ọlọ́sàn-án ṣe ń to ọsàn sórí àtẹ: to mẹ́rin sí igun mẹ́rin, kòtò kan á wà láàárín wọn. Mú èkùrọ́ kan sọ sínú kòtò náà, á rì wọlé, orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọsàn dọ́gba. Mú àgbálùmọ̀ kan, á gun orí wọn jókòó. Lórí ojú 100 níkẹ́ẹ̀lì, kábọ́ọ̀nù ni èkùrọ́, ọ́síjìn ni àgbálùmọ̀. Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni bí ọwọ́ tí wọ́n fi ń di níkẹ́ẹ̀lì mú ṣe gùn tó. Láàárín níkẹ́ẹ̀lì kan sí ìkejì, píkómítà 249 ló wà. Láti àárín kòtò sí àárín níkẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó yí i ká, 176. Ọ́síjìn fẹ́ kí níkẹ́ẹ̀lì jìnnà sí òun ní nǹkan bíi 193, nítorí náà ó gbéra sókè ní nǹkan bíi 80, ó sì bá ohun tó fẹ́ pàdé láì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kábọ́ọ̀nù fẹ́ bíi 180 péré, ó sì tún fẹ́ kan níkẹ́ẹ̀lì karùn-ún tó wà lábẹ́ kòtò náà. Ó rì wọlé. Àmọ́ ibi tó rì sí, 176 ni, ó fún un jù. Ó ń fẹ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn, àwọn náà kò rí ẹ̀yìn sún sí, torí pé kábọ́ọ̀nù mìíràn ń fẹ̀ wọ́n láti òdìkejì.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n yí.

Àwọn níkẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tó yí kábọ́ọ̀nù kan ká á jọ yí sí apá ọ̀tún. Àwọn mẹ́rin tó yí èyí tó tẹ̀ lé e ká á yí sí apá òsì. Bí o bá ti rí eyín-irin méjì tó wọnú ara wọn nínú ẹ̀rọ ìlọta, o ti rí i: bí ọ̀kan bá lọ ọ̀tún, èkejì kò lè ṣe kó má lọ òsì. Ìdí ni pé níkẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti kábọ́ọ̀nù méjì, ó wà láàárín wọn gẹ́lẹ́. Ìgbésẹ̀ kan náà tó jẹ́ ọ̀tún fún ọ̀kan ni òsì fún èkejì. Níkẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yẹ̀ ní nǹkan bíi píkómítà 50. Wá bá mi ṣírò: gbòǹgbò 176 ìlọ́po méjì pẹ̀lú 50 ìlọ́po méjì, kí ló fún ọ? 183. Kábọ́ọ̀nù ti rí àyè tó ń wá, níkẹ́ẹ̀lì kankan kò sì jáde kúrò ní ìpele rẹ̀. Àwọn kòtò tó ṣófo ló jìyà rẹ̀. Wọ́n kúrò ní igun mẹ́rin dọ́gba, wọ́n fún pọ̀ bí igun káítì.

Onuferko, Woodruff àti Holland ló kọ́kọ́ rí èyí pẹ̀lú LEED ní 1979, orúkọ aago ni wọ́n sì ń pè é títí dòní nítorí yíyí yẹn. Nàìtírójìn náà ń ṣe é. Ọ́síjìn kì í ṣe é lórí ojú yìí, bí iye rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, ìdajì kòtò. Ní Jülich ní Jámánì, Ibach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn nítorí pé ó rọrùn: wọ́n gé níkẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n jẹ́ kí kábọ́ọ̀nù bo ojú kan nìkan, wọ́n sì wo bí pẹlẹbẹ náà ṣe ń tẹ̀ kọrọdọ. Ó tẹ̀ lóòótọ́. Ojú tó gba àlejò ń wá àyè láti fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà fún un.

Má rò pé orí ojú 100 nìkan ni eré wà, má sì rò pé ọ́síjìn jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ níbi gbogbo. Gé níkẹ́ẹ̀lì lọ́nà mìíràn, kí o rí ojú 110, tó ní pòròpòrò bí ebè oko. Ọ́síjìn tó dé ibẹ̀ kò dúró de kòtò. Ó ń ránṣẹ́ pe átọ́ọ̀mù níkẹ́ẹ̀lì láti etí àkàsọ̀ ojú níkẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n á rìn wá, wọ́n á sì tò pẹ̀lú rẹ̀ ní ìlà gígùn, níkẹ́ẹ̀lì, ọ́síjìn, níkẹ́ẹ̀lì, ọ́síjìn, sórí ebè tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlà tuntun ni wọ́n kọ́, wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ti àtijọ́ nípò. Àwọn ará Aarhus ní Dẹ́ńmáàkì fi STM wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí ìlà ń gùn lójú wọn. Háídírójìn, tó kéré ju gbogbo wọn lọ, náà ń tún ojú 110 yìí tò bó bá pọ̀ tó. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé "gáàsì báyìí ń ṣe báyìí" láì sọ ojú wo.

Ó ku òòfà. Agbára òòfà átọ́ọ̀mù irin wá láti ara ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù tó ń yí sí apá kan ju èkejì lọ. Nínú irin, ó jẹ́ Bohr magneton (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn òòfà átọ́ọ̀mù) 2.2 fún átọ́ọ̀mù kan, kóbáltì, 1.7, níkẹ́ẹ̀lì, 0.6. Bí aládùúgbò bá ṣe pọ̀ tó tí wọ́n sì sún mọ́ra tó ló ń sọ bí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù yóò ṣe dàpọ̀. Bí àdàpọ̀ náà bá pọ̀ jù, òòfà a rẹ̀wẹ̀sì. Nípa báyìí, ojú tó ti pàdánù aládùúgbò yẹ kó lágbára òòfà ju inú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni: ìṣirò fi hàn pé ìpele òkè irin 100 tó mọ́ ń sún mọ́ 3 dípò 2.2.

Gáàsì ń wọ inú ìṣirò yìí lọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì lè ta ko ara wọn. Ó ń da ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti irin, èyí tó sábà máa ń dín òòfà kù. Ó sì ń fẹ àlàfo ìpele, èyí tó ń mú òòfà le sí i. Lórí irin, àbájáde rẹ̀ dára: ojú tí ọ́síjìn bò ṣì jẹ́ òòfà gidi, ọ́síjìn fúnra rẹ̀ tilẹ̀ gba òòfà díẹ̀ sára. Lórí níkẹ́ẹ̀lì tí tirẹ̀ kò ju 0.6 lọ, ìtàn mìíràn ni. Jẹ́ kí háídírójìn tàbí kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì (gáàsì olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀ yẹn) balẹ̀ sí i, òòfà átọ́ọ̀mù tó dì wọ́n mú á já wálẹ̀ gan-an. Selwood ní Amẹ́ríkà ti ń fi èyí wọn iye háídírójìn tó lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun níkẹ́ẹ̀lì láti àwọn ọdún 1950: bí gáàsì ti ń wọlé, òòfà ìyẹ̀fun náà ń relẹ̀.

Ìyẹn ló bí àríyànjiyàn kan tó gbóná. Ní nǹkan bíi 1970, Liebermann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ìpele òkè níkẹ́ẹ̀lì àti irin ti kú, pé kò ní òòfà rárá. Gbogbo ayé ń wá ìdí. Ṣùgbọ́n inú omi ni wọ́n ti fi iná mànàmáná to fíìmù wọn (ìpele irin tẹ́ẹ́rẹ́), omi sì ni ilé háídírójìn. Nígbà tí àwọn mìíràn ṣe tiwọn nínú àgbá tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀, òòfà wà láàyè lójú níkẹ́ẹ̀lì. N kò bá Liebermann wí. Ẹni tó bá ti rí kábọ́ọ̀nù tó jáde láti ikùn níkẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Èyí tó wá ya èmi lẹ́nu jù ni pé gáàsì lè yí ìhà tí òòfà kọjú sí. Bí o bá to níkẹ́ẹ̀lì sórí bàbà ní ìpele kọ̀ọ̀kan, bàbà á nà án: ìwọ̀n àpótí átọ́ọ̀mù bàbà (àpótí kékeré tí kírísítálì ń tò lé ara wọn) jẹ́ píkómítà 361, ti níkẹ́ẹ̀lì 352. Níkẹ́ẹ̀lì fẹ̀ ní ìbú kó lè bá bàbà mu, ó sì rẹlẹ̀ ní òró. Nínà yìí fẹ́ kí òòfà dìde dúró. Ojú òkè fẹ́ kó sùn sílẹ̀. Nígbà tí ìpele kò tíì pọ̀, ojú ló ń borí, òòfà sùn. Bí ìpele bá ti tó nǹkan bíi 10 sí 11, inú borí ojú, òòfà dìde. Jẹ́ kí háídírójìn bo ojú náà, òòfà á ti dìde láti nǹkan bíi ìpele 7. Bí ọ́síjìn bá wà lójú rẹ̀ látìgbà tí a ti ń to ìpele, bíi 5 ti tó. Gbé fíìmù ìpele 8 kalẹ̀, kí o tú háídírójìn sí i, òòfà á dìde. Fi ooru lé háídírójìn lọ, á tún sùn. Àwọn onímọ̀ Halle àti Erlangen ní Jámánì wọn ètò átọ́ọ̀mù àti òòfà irú fíìmù bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 2004. Ní Hamburg ní 2018, wọ́n fi háídírójìn mú kí irin ìpele méjì lórí irídíọ́ọ̀mù ní àwọn ìjì òòfà kéékèèké tí a ń pè ní skyrmion, èyí tí kò ní tẹ́lẹ̀.

Kò sì yẹ kí o rò pé ìbàjẹ́ nìkan ni gáàsì ń ṣe. Irin tí ọ́síjìn bò létòlétò ni wọ́n ń lò báyìí nínú ẹ̀rọ tó ń yẹ apá tí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ń yí sí wò, nítorí pé kòtò rẹ̀ ti kún, àlejò mìíràn kò ráyè, ó sì ń pẹ́ ju irin lásán lọ. Iṣẹ́ àmóníà náà, tó di ajílẹ̀ yùríà bíi èyí tí wọ́n ń ṣe ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí, orí irin ni wọ́n ti ń fọ́ nàìtírójìn sí méjì. Gerhard Ertl tó gba Nobel ní 2007 wà lára àwọn tó fi hàn pé nàìtírójìn ń jókòó sínú kòtò irin 100 lọ́nà tó jọ ìpele kan nínú àdàpọ̀ irin mẹ́rin àti nàìtírójìn kan.

Ó yá, ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ. Kọ́kọ́ wo àwọ̀ òòfà náà. Bó bá dúdú, tó ń fọ́ bí ìkòkò amọ̀ tó bá já bọ́, feráìtì ni. Irin àti ọ́síjìn ni wọ́n fi sun ún látilẹ̀, pẹ̀lú báríọ́ọ̀mù tàbí sítírọ́ńṣíọ́ọ̀mù. Kí ni ọ́síjìn tún fẹ́ bá a jà sí? Ó ti jẹ ẹ́ yó kó tó kúrò ní ilé-iṣẹ́. Bó bá jẹ́ òòfà àtijọ́ tó ń dán bí irin, ìṣirò ló gbà á là. Irin tó nípọn ní mìlímítà kan ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ìpele 7. Gáàsì dé, ó ṣí ìpele kan tàbí méjì nípò, ó tilẹ̀ lè pa òòfà wọn pátá. Ta ni yóò gbọ́? Àmọ́ fíìmù ìpele 8 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ ni ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo ohun tó ní.

O kò bi mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìbéèrè tó kàn ni: níbo ni n ó ti rí èyí ṣe, nígbà tí àgbá tí a fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde wọ́n bí ojú? Kọ̀ǹpútà. Quantum ESPRESSO, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí átọ́ọ̀mù àti ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ṣe ń hùwà, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì; òun náà ni wọ́n ń lò ní ASESMA, ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà díẹ̀ tó ń lọ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan sí òmíràn láti 2010. To níkẹ́ẹ̀lì ojú 100 ní ìpele márùn-ún, átọ́ọ̀mù mẹ́rin lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, 20 lápapọ̀. So ìpele méjì ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má ṣí. Fi kábọ́ọ̀nù méjì sínú kòtò tó kọjú síra ní ìdábùú. Ṣí apá òòfà inú rẹ̀ sílẹ̀; ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbàgbé, wọ́n á sì máa ṣírò níkẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe òòfà. Lẹ́yìn náà, ìdẹkùn kan wà: bí o bá to gbogbo rẹ̀ dọ́gba rẹ́gírẹ́gí, kò ní yí láéláé, nítorí pé agbára tó ń fà á sọ́tùn-ún àti sósì dọ́gba gẹ́lẹ́, ẹ̀rọ á sì sọ fún ọ pé ohun gbogbo ti balẹ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ yẹ níkẹ́ẹ̀lì òkè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní píkómítà 5 péré, bí eyín-irin tó ń yí, kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ìyókù, wọ́n á gbé ara wọn dé 50. Kó o sì jẹ́ kó máa tọ́jú iṣẹ́ pamọ́ ní wákàtí wákàtí. Ìwọ náà mọ̀ bí iná wa ṣe rí.